Igi Ló Ń Kọrin: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Ṣe Píánò Ńlá

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ iṣẹ́ káfíńtà àti ẹgbẹ́ akọrin sọ nínú gbọ̀ngán ìjọ kan ní Èbúté Mẹ́ta, bí mo ṣe tún un kọ fún àwọn tí kò ráàyè wá.

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ooru, ẹ kú ìfaradà bí wọn ò ṣe tíì mú iná dé. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe kò tilẹ̀ nílò iná. Ìdákẹ́jẹ́ nìkan ló nílò.

Ẹ wo irin ẹlẹ́nu méjì tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Òun ni àwa tó ń to ohùn píánò fi ń mọ ibi tí ohùn yẹ kó wà. Tí mo bá gbá a mọ́ orúnkún mi, á gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ti gbá a o. Ta ló gbọ́? Àwọn tó wà níwájú nìkan ló ń mi orí, àwọn náà sì ń na etí. Ó dáa. Mo tún gbá a, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mo fi ìdí rẹ̀ lé orí tábìlì onípákó yìí. Ìyá wa tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ gbọ́. Irin kan náà ni, agbára kan náà ni mo fi gbá a. Pákó ló gbé ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú píánò, wáyà ló ń gbọ̀n, igi ló ń kọrin. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Àfi kó fi ìgbọ̀n rẹ̀ ran pátákó gbàràmù kan, kí pátákó yẹn wá ti afẹ́fẹ́ gbogbo inú ilé. Gbogbo wàhálà tí àwọn tó ń kan píánò ń ṣe, láti bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn títí di òní, kí igi lè ráyè kọrin ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ káfíńtà ni mo kọjú sí jù. Àwọn akọrin á ti máa rò pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni píánò, òótọ́ sì ni, àmọ́ kó tó di ọ̀rọ̀ olórin, ọ̀rọ̀ onígi ni. Káfíńtà ni bàbá tó bí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, èmi àti wọn á rìn lọ sí Òkò Bàbá, níbi tí ìtì igi gẹdú ti ń léfòó lójú ọ̀sà, tí ayùn ńlá ń ké láti àárọ̀ dalẹ́, tí èéfín lẹ́búlẹ́bú pákó ń bo ojú ọ̀nà. Bàbá mi kì í sanwó pákó láì kọ́kọ́ kàn án. Wọ́n á fi ìka méjì gbé e sókè nítòsí orí rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó rọ̀ dirodiro, wọ́n á fi eegun ìka kàn án láàárín, wọ́n á sì dẹ etí. Tó bá dún gooro, wọ́n á ní kí wọ́n dì í. Tó bá dún bù, bí ẹni lu àpò gàrí, wọ́n á ní omi ṣì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n gbé e padà. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ tí màá fi jẹun ni wọ́n ń kọ́ mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ píánò nílẹ̀ òkèèrè ṣe ń kan igi tí wọ́n ń tẹ́tí sí i, omi bọ́ lójú mi.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ìtàn rẹ̀ ká kúrò níbẹ̀. Bartolomeo Cristofori, ọmọ ìlú Padua ní Ítálì, ló ṣe píánò àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1700. Ìdílé ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Medici ló gbà á síṣẹ́ ní ìlú Florence, kó máa bá wọn tọ́jú ohun èlò orin. Ohun èlò tó wọ́pọ̀ nígbà náà ni harpsichord. Ìyẹ́ ẹyẹ ló fi ń ta wáyà, bí ẹni ń ta gìtá. Bó o tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bó o fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, bákan náà ló ń ké. Cristofori yọ ìyẹ́ kúrò, ó fi òòlù sí i. Ibi tó ti nira ni pé òòlù náà gbọ́dọ̀ lu wáyà, kó sì ti fò kúrò lára rẹ̀ kí ọwọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tó gbé. Tó bá dúró síbẹ̀, yóò pa ohùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Onílù dùndún tó wà láàárín wa á mọ ohun tí mò ń wí: kọ̀ǹgọ́ tó bá lẹ̀ mọ́ awọ, ìlù ò ní sọ̀rọ̀. Mẹ́ta péré ló kù láyé nínú píánò tí Cristofori ṣe. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ti ọdún 1720, wà ní New York.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Igi ni mo wá sọ.

Pátákó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tó tẹ́ sábẹ́ gbogbo wáyà nínú píánò ńlá, tí mo máa ń pè ní pátákó ohùn, igi kan tó ń jẹ́ spruce ni wọ́n fi ń ṣe é. Igi ilẹ̀ òtútù ni. Ó fúyẹ́ bí arère, àmọ́ tó o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìbámu pẹ̀lú iṣan rẹ̀, wàá rí i pé ó le ju bó o ṣe rò lọ. Kí igi fúyẹ́ kó sì tún le, méjèèjì kì í sábà pàdé. Níbi tí òtútù ti ń mú gan-an, igi máa ń sinmi lọ́dọọdún, kò ní ga, kò ní sanra, àfi tí oòrùn bá padà. Ìsinmi yẹn ló ń fi òrùka kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Èyí tó hù lórí òkè, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò lọ́ràá, tó jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà, òrùka tirẹ̀ á há mọ́ra bí ìlà inú ìwé. Òun ni àwọn oníṣẹ́ píánò ń wá kiri. Àwọn kan ń mú un wá láti Alaska àti etíkun Kánádà. Àwọn ará Ítálì tó ń ṣe píánò Fazioli ń gé tiwọn ní àfonífojì Fiemme, ìyẹn igbó tí wọ́n ní Stradivari, ọ̀gá oníṣẹ́ fáyólì ayé àtijọ́, ti ń mú igi fún fáyólì rẹ̀.

Àwọn àgbà onílù wa ní irú ìmọ̀ yìí. Wọ́n máa ń sọ pé igi tó bá hù lẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù fún ìlù, nítorí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn tipẹ́. Mi ò ní dá wọn lóhùn bóyá òótọ́ ni tàbí àbá. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń gbẹ́ ìlù máa ń béèrè ibi tí igi ti wá, àti irú ayé tó jẹ, kó tó gbé àáké sí i.

Níbi tí mo dé yìí ni ọmọ iṣẹ́ kan na ọwọ́ láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú, ṣé ìrókò ò lè ṣe é?” Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn gan-an, torí náà mo gbé pákó méjì tí mo mú dání jáde, ìrókò kan àti spruce kan, gígùn kan náà, fífẹ̀ kan náà. Mo ní kó wá dì wọ́n mú bí bàbá mi ṣe ń dì í, kó kàn wọ́n fúnra rẹ̀. Ìrókò dún, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ kíá. Ó kan spruce, ohùn náà dúró ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ kó tó lọ. Ọmọ náà tún un kàn lẹ́ẹ̀mẹta láìsọ nǹkan kan. Ìrókò kì í ṣe igi búburú. Ilẹ̀kùn ilé bàbá mi tó jẹ́ ìrókò ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ó wúwo jù ni. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò lágbára láti mi ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń la spruce náà tún yàtọ̀. Ní Òkò Bàbá ìgbà náà, wọ́n á ti ìtì igi sẹ́nu ayùn láti ẹ̀gbẹ́ kan títí dé ìkejì, pákó á máa jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ la ìtì náà sí mẹ́rin láti ọkàn rẹ̀ wá sí èèpo, bí ẹni la ọsàn, kí wọ́n tó máa gé pákó lára ìlà kọ̀ọ̀kan, kí òrùka igi lè dúró ṣánṣán lójú pákó, kó má dùbúlẹ̀. Igi púpọ̀ ló ń ṣòfò níbẹ̀. Àmọ́ pákó tí òrùka rẹ̀ bá dùbúlẹ̀ máa ń ká bí ewé gbígbẹ tí ojú ọjọ́ bá yí padà, tí èyí tó dúró máa ń wà bó ṣe wà. Ẹ̀yin tó ti kan ilẹ̀kùn tó wọlé geere lóṣù kejì, tí kò wá ṣeé tì mọ́ lóṣù kẹfà, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò ó síta gbangba, wọ́n á fi igi wẹ́wẹ́ pààlà sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè kọjá, á wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tiwọn mìíràn a máa lo ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tún wá gbé e sínú yàrá gbígbóná títí omi inú rẹ̀ á fi kù sí bí ìdá 6 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn ò tíì fi gọ́ọ̀mù kan èyíkéyìí o. Ọdún ti kọjá, pákó ṣì wà nílẹ̀.

Tó bá wá yá, wọ́n á lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títí á fi fẹ̀ tó ojú píánò. Ọ̀gá oníṣẹ́ ló ń ṣa èyí tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, kí òrùka wọn bára mu. Wọ́n á fá a. Láàárín, ó máa ń nípọn tó bíi mìlímítà 9, wọ́n á sì máa dín in kù bó ṣe ń lọ sí etí, títí á fi tó bíi 6, kí etí lè rọ̀, kí àárín lè máa gbé sókè sódò bí ojú ìlù. Wọ́n á wá lẹ igi wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lábẹ́, ní ìdábùú, bí egungun ìhà. Egungun yìí ló ń jẹ́ kí pátákó náà gbé ikùn sókè díẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni, ojú lásán lè má rí i. Tó o bá fa okùn lábẹ́ rẹ̀ láti etí dé etí, wàá rí àlàfo díẹ̀ láàárín, láàárín okùn náà àti pátákó. Wáyà á gba orí afárá kan kọjá, tí wọ́n fi maple ṣe, ìyẹn igi líle ilẹ̀ òtútù kan, á máa tẹ ikùn yẹn mọ́lẹ̀, pátákó á sì máa tì í padà. Bí obìnrin tó ru igbá omi tó na ọrùn gbọnrangandan ló ṣe máa wà títí ayé rẹ̀. Píánò tí ikùn rẹ̀ bá ti wálẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń kúrú, kò sí ọ̀nà tí ẹni tó ń to ohùn lè gbà tún ìyẹn ṣe.

Ìhà píánò, ìyẹn ògiri rẹ̀ tó yípo bí ìgbáròkó, ni apá tí mo fẹ́ràn jù láti máa ròyìn. Ní ilé iṣẹ́ Steinway ní Queens, New York, wọ́n á kó pákó maple pẹlẹbẹ tó tó 18 jọ fún píánò tó tóbi jù, gígùn wọn ju mítà 6 lọ. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù ra gbogbo wọn, wọ́n á tò wọ́n léra bí ewé ìwé. Ọkùnrin bíi mẹ́fà á gbé e léjìká, á máa rọ̀ láàárín wọn bí òjòlá tí wọ́n pa bọ̀ láti oko. Wọ́n á gbé e dé ibi irin tó ní àwòrán píánò, wọ́n á fi ẹnu kan rẹ̀ há a, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á yí i po. Ẹnì kan ń fà, ẹnì kan ń tì, ẹnì kan ń fi òòlù igi gbá a kó lè jókòó dáadáa, ẹnì kan ń fún kílámpù mọ́ ọn. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́, torí gọ́ọ̀mù ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́, iṣẹ́ gbogbo wọn ló bà jẹ́. Ọdún 1878 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ìhà tuntun náà lọ sínú yàrá kan tó móoru, á dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án, kó lè gbàgbé pé òun ti tọ́ rí.

Àwọn oníṣẹ́ píánò Bösendorfer ní Vienna, olú ìlú Austria, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1828, kì í ṣe tiwọn báyẹn. Spruce ni wọ́n fi ń ṣe ìhà náà, igi kan náà tí wọ́n fi ṣe pátákó ohùn. Wọ́n á fi ayùn há a lábẹ́ lọ́pọ̀ ibi kó lè rọ̀, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́. Èrò ti New York ni pé kí ìhà le bí àpáta kó má jẹ ohùn wáyà, kó dá a padà fún pátákó. Èrò ti Vienna ni pé kí gbogbo ara píánò kọrin. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ti Vienna ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú gbọ̀ngán ńlá, ti New York ló máa dé ẹ̀yìn.

Irin ńkọ́? Ó pọ̀ níbẹ̀. Píánò ńlá ní wáyà bíi 230 tó le gan-an. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ń fà bí ẹni pé ohun tó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan àtààbọ̀ lọ so rọ̀ sí i lórí. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sún mọ́ tọ́ọ̀nù 20, ìyẹn irinwó àpò sìmẹ́ńtì, tó ń fa igi láti iwájú àti láti ẹ̀yìn kó lè ṣẹ́ e sí méjì lọ́sàn-án àti lóru. Láyé àtijọ́ tó jẹ́ igi nìkan ni wọ́n fi dè é, wáyà kì í le tó báyìí, ohùn kì í sì í ròkè. Alpheus Babcock ní Boston ló gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1825 lórí férémù irin tí wọ́n rọ ní odindi. Inú yanrìn ni wọ́n ti ń rọ ọ́: wọ́n á fi àwòrán igi tẹ yanrìn, wọ́n á da irin yíyọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Àwọ̀ wúrà tẹ́ ẹ máa ń rí tí wọ́n bá ṣí píánò, òun nìyẹn. Òun ló ń ru ẹrù yẹn, kí igi má baà rù ú. Ẹni tó ru irinwó àpò sìmẹ́ńtì kò lè kọrin.

Wáyà tó ń ké fínfín, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n so wọ́n fún ohùn kan. Bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, á di méjì-méjì, á wá di ẹyọ kan. Àwọn ti ìsàlẹ̀ yìí, wọ́n fi bàbà wé wọn kí wọ́n lè wúwo láì gùn jù. Nílé iṣẹ́ àtijọ́, ọwọ́ ni ẹni tó ń wé e fi ń darí bàbà náà bí wáyà ṣe ń yí. Tó bá dẹwọ́ díẹ̀, wáyà náà á máa kùn bí eṣinṣin.

Kíì 88 ló wà, eyín píánò la máa ń pè é nígbà tí a wà lọ́mọdé, 52 funfun, 36 dúdú. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, igi kéékèèké, awọ àti ìṣó tín-ín-rín ló so kọ́ra, tí ọ̀kan bá ti èkejì, ìyẹn á ti ẹ̀kẹta, títí òòlù á fi fò. Ilé iṣẹ́ píánò Érard ní 1821 ló fi ọgbọ́n kan kún un tó jẹ́ kí òòlù lè tún lù kí kíì tó padà sókè tán. Nítorí ẹ̀ ni ọmọ tó bá ti mọwọ́ fi lè tẹ ohùn kan ní kíákíá bí ẹni ń lu omele. Òòlù náà, igi ni, wọ́n fi irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra gírígírí bò ó lórí. Tí irun yẹn bá le jù, ohùn á máa gún etí. Nígbà náà ni ọ̀gá kan á jókòó pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mẹ́ta lórí igi, á máa gún irun náà ní èjìká, á tẹ̀ ẹ́, á gbọ́, á tún gún un. Kò sí ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀ fún èyí, etí ni ìwọ̀n. Àwọn onílù bàtá tó ń fi ìda sí ojú ìlù, tí wọ́n á lù ú, tí wọ́n á tún fi díẹ̀ kún un, ará ilé kan ni wọ́n.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti eyín erin. Fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀, eyín erin ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ kíì funfun. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ń wá. Ènìyàn ló ń rù ú lórí láti àárín ilẹ̀ wá sí etí òkun, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú, wọ́n á kó o gba Zanzibar kọjá, títí dé abúlé kan ní Connecticut, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sọ ní Ivoryton nítorí iṣẹ́ yìí. Ọdún 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòfin de òwò eyín erin kárí ayé, àmọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ píánò ti fi í sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Lára píánò àtijọ́ tí mo ń tún ṣe ní Èkó, mo ṣì máa ń rí i: ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wà lójú rẹ̀, ó sì máa ń tutù lọ́wọ́. Mi ò kì í yára fọ̀ ọ́. Màá kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e ná.

Ní ilé iṣẹ́ Steinway, ó ń gba bí ọdún kan kí wọ́n tó kan píánò ńlá kan parí, ohun tí wọ́n sì ń tò pọ̀ nínú rẹ̀ lé ní 12,000.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ó ti pẹ́ tí Èkó ti mọ ohun èlò yìí. Ní Kàtídírà tó wà ní Marina, Thomas Ekundayo Phillips jókòó nídìí dùùrù láti 1914 títí di 1962, abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande, gbajúmọ̀ olórin wa, ti kọ́ṣẹ́. Akin Euba, ọ̀mọ̀wé orin tó tún ń tẹ píánò, ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó ní 1935, ló fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ ọ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà ní ọ̀nà tirẹ̀ láti tẹ píánò, torí ohun èlò tí à ń lù ni, ìbátan ìlù wa ni. Láti 1989 ni ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Oníkàn. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ò wọ́n wa. Àwọn tó mọ inú rẹ̀ ló wọ́n.

Ojú ọjọ́ wa kò sì fojúure wo igi yẹn. Nígbà ìjọba òyìnbó, àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe píánò pàtàkì fún ilẹ̀ olóoru. Wọ́n á fi idẹ àti súkúrù dì í láfikún, torí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi awọ ẹran sè máa ń yọ́ nínú ọ̀rinrin. Atẹ́gùn òkun á dípẹtà wáyà. Òjò á mú kí pátákó ohùn wú. Ọyẹ́ á dé, á gbẹ. Síbẹ̀, igi lè fara da ooru, ó lè fara da ọ̀rinrin. Ohun tí kò lè fara dà ni kí ojú ọjọ́ rẹ̀ máa yí padà lójijì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìjọ kan ra píánò ńlá tó dára gan-an. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Lọ́jọ́ Sunday, tí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀, atẹ́gùn gbígbẹ tútù á máa fẹ́ sí i lórí fún wákàtí mẹ́rin. Tí ìsìn bá parí, wọ́n á pa á, wọ́n á ṣí fèrèsé, atẹ́gùn ọ̀sà á wọlé láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ to ohùn rẹ̀, tí mo rí ibi tí wọ́n gbé e sí. Bàbá ìjọ tó ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀ dàgbà jù mí lọ púpọ̀, ojú ń tì mí láti bá wọn jiyàn, mo to ohùn, mo gba owó mi, mo lọ. Nígbà tó fi máa di ìgbà kẹta, pátákó ohùn ti là láti ẹ̀gbẹ́ afárá dé etí. Wọ́n ní ọjà búburú ni òyìnbó tà fún àwọn. Kì í ṣe ọjà búburú. Mo mọ̀, mi ò sọ̀rọ̀, ó sì dùn mí dòní.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi tú wáyà tó wà lójú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá tú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, férémù lè bínú. A fi ọ̀bẹ fẹ ojú sísán náà títí ó fi mọ́ tónítóní, tó sì fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Mo ní píánò ògbólógbòó kan tí wọ́n fẹ́ dáná sun ní Mushin, mo ti gé pátákó ohùn rẹ̀ pa mọ́ tipẹ́. Lára rẹ̀ ni mo ti fá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí èèkàn, mo yí i títí òrùka rẹ̀ fi dojú kọ ibi tí ti pátákó náà kọ sí. A ra gọ́ọ̀mù sí i, a tẹ̀ ẹ́ wọlé pẹ̀lú àtàǹpàkò, a fi òkúta wẹ́wẹ́ lé e. Ọjọ́ kejì, mo fi ìfági kékeré fá èyí tó yọ sókè. Ìrun igi náà ń ká jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi kàn án. Ó kàn án lápá ibí, ó kàn án lápá ibẹ̀, ó wojú mi. Ohùn rẹ̀ ti kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. A gbé píánò náà kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, sí igun kan tí oòrùn kì í dé, a sì gbé ike omi ẹlẹ́nu gbàràmù sísàlẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà ọyẹ́.

Píánò tó wà lẹ́yìn mi yìí kì í ṣe tuntun, àmọ́ pátákó rẹ̀ ṣì gbé ikùn sókè, mo ti fi okùn wò ó láàárọ̀. Mo ti ṣí ìdérí rẹ̀. Arábìnrin akọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó síbí, kí ẹ tẹ ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dẹwọ́ dáadáa kí ẹ tó tẹ òmíràn. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ wá ní méjì-méjì, ẹ tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹ fi lé igi náà, láàárín egungun ìhà méjì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ kàn fi lé e. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti dé ọwọ́ yín.